Agbárí rọ́bà àwa ọmọ anátọ́mì: ẹ mú ìgbálẹ̀ dání kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ọmọ nọ́ọ̀sì, ọmọ mẹ́dísìn, ọmọ físíò, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ 200 level bọ̀, ọ̀rọ̀ yín nìyí o. Agbárí rọ́bà yẹn, èyí tó tóbi tó orí ènìyàn gidi, tí wọ́n gé sí ọ̀nà mẹ́ta, tí wọ́n fi sípíríìnì so àgbọ̀n ẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà yí gbogbo ara ẹ̀ ká, mo ti rà á, mo sì ti lò ó dáadáa kí n tó lanu sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi. Mi ò rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ń pàtẹ ìwé ìṣègùn, kóòtù funfun àti sítẹ́tósíkóòpù ni mo lọ, níbi tí èèyàn ti lè fọwọ́ kàn án. Ká má fọ̀rọ̀ gùn: òkè ẹ̀ dáa, ojú ẹ̀ dáa, àgbọ̀n ẹ̀ ò burú, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbi tí gbogbo ihò wà, eré ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Ibẹ̀ gan-an sì làwọn lẹ́kítọ́rà ti ń mú ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ n ti òkè bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó mi ti jọ owó. Ìkọ́ irin kéékèèké ló di ìdérí orí yẹn mú lọ́tùn-ún lósì, ẹ tú u, ẹ yí inú ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i, ẹ má tàn án láti òkè o, láti ẹ̀gbẹ́ ni, kí òjìji lè hàn. Ẹ máa rí ipa kan tó ti apá ẹ̀bátí gòkè wá tó wá ń pẹ̀ka lọ bíi ti igi, àwọn ẹ̀ka yẹn á máa tín-ín-rín títí wọ́n á fi pòórá sí ọ̀nà àtàrí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní middle meningeal artery ló ń la ipa yẹn sára eegun, ẹni tó ṣe rọ́bà yìí ò sì yọ ọ́ sílẹ̀, ó hàn pé ojú orí ènìyàn gidi ni wọ́n fi ṣe àwòkọ ẹ̀. Mo ti rí olówó pọ́ọ́kú tí inú ẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n lọ̀ ọ́, kò sí ipa kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò sínú, níbi tí ipa yẹn ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka kejì síta lójú ẹ̀bátí, kẹ́ ẹ fún un. Ibi tí ìka yín méjèèjì ti pàdé yẹn ni pterion, eegun mẹ́rin ló para pọ̀ níbẹ̀: frontal tó wà níwájú orí, parietal tó wà lókè, temporal tó wà létí, àti sphenoid tó gba inú wá yọjú. Nínú eegun gidi ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹni tó bá já látorí ọ̀kadà láìdé ẹ́límẹ́ẹ̀tì, tó fẹ̀bátí lu títì, eegun yẹn lè sán kó sì gé iṣan náà, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà sáàárín eegun àti awọ tó bo ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì á fi dìde, á gbọnra nù, á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, á tiẹ̀ tún bú dírẹ́bà tó gbá a, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ó ti dákú. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílé lọ sùn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo tí rọ́bà yìí ò rí ṣe níbẹ̀ ni pé ó nípọn bákan náà yíká, torí eegun gidi, tẹ́ ẹ bá gbé e sójú iná, ìmọ́lẹ̀ máa ń là á kọjá ní apá ẹ̀bátí yẹn.

Ó yá, ká yí i padà.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ mú ìgbálẹ̀ dání nìyí. Ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ló máa tó, ẹ ṣẹ́ orí ẹ̀ kó má baà fọ́ sínú, kẹ́ ẹ wá máa tì í bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo yọ tèmi nínú báàgì, bọ̀ọ̀dá tó ń tajà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Aúńtì, kí lẹ fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ṣe lára ọjà mi?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, mo fẹ́ mọ ihò tó já ni."

"Ihò tó já kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fi sẹ́ omi ni? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rà á o, ẹnì kankan ò fi ìgbálẹ̀ gún un rí."

Mo ṣáà gún un. Foramen magnum, ìyẹn ihò ńlá tí ọpọlọ ti ń bá ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, afọ́jú gan-an ò lè ṣì í, ó ṣí gbayawu. Foramen ovale já, èyí tí iṣan (nerve ni mò ń sọ láti ibí lọ, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀) tó ń mú wa jẹun lẹ́nu ń gbà jáde. Optic canal tó lọ sójú já. Superior orbital fissure, àlàfo tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, náà já, ó tiẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé. Foramen rotundum, tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbà, ojú ihò wà níbẹ̀ àmọ́ ìgbálẹ̀ ò wọlé. Hypoglossal canal, tó yẹ kí iṣan tó ń yí ahọ́n gbà jáde lẹ́bàá foramen magnum, kòtò kékeré ni wọ́n kàn gbẹ́ síbẹ̀. Carotid canal, ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ, wọlé díẹ̀ ó sì kú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú eegun gidi ńṣe ló ń wọlé tó tún ń ṣẹ́rí síwájú, ìṣẹ́rí yẹn gan-an sì ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Cribriform plate tó wà lókè imú, tí àwọn iṣan òórùn tín-ín-tín-ín ń gbà kọjá, àwọn tòótòòtóó kan ni wọ́n fi kun ún, kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ihò tó wà láàárín styloid àti mastoid (ṣóńṣó eegun méjì tó wà lẹ́bàá etí), tí iṣan ojú ń gbà jáde, èyí tó bá ti wú tí ojú èèyàn á fi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ìpéǹpéjú ò ní lè pa dé, táwọn kan á ti máa ní ayé ló ṣe é, ihò yẹn ò sí rárá.

Èyí tó wá dùn mí jù ni foramen spinosum. Ẹ̀yìn foramen ovale ló wà, ó kéré, ibẹ̀ sì ni middle meningeal artery tí mo fi gbogbo ẹnu yìn lókè yẹn ń gbà wọ inú orí. Wọ́n ya ipa iṣan yẹn sínú ìdérí dé orí ẹ̀ka tó kéré jù, wọ́n wá dí ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé pa! Mo bi bọ̀ọ̀dá yẹn pé ṣé wọ́n ní òmíràn, ó gbé òmíì jáde nínú páálí, bákan náà. Mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti da gbogbo wọn, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ò ju rọ́bà tó ṣẹ́ kù sétí ihò lọ, ẹlòmíì jugular foramen ẹ̀ ṣí lápá ọ̀tún ó dí lápá òsì. Èyí tí tiẹ̀ ṣí lápá méjèèjì ni mo mú, torí iṣan mẹ́ta ló ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba ibẹ̀ jáde, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdánwò.

Ẹni tí kò tíì ṣe steeplechase, ìdánwò tá a máa ń ṣe láti tábìlì dé tábìlì, rí lè rò pé mò ń ṣe àṣejù. Ẹ máa wọlé, wọ́n á ti to tábìlì kalẹ̀, eegun kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti fi okùn tàbí abẹ́rẹ́ bọ ihò kan, ìwé kékeré á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: kí ló ń gba ibí kọjá? Aago á dún, ẹ ó sún. Eegun gidi ni wọ́n máa gbé síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ní nọ́ńbà lára, kì í funfun, ó lè ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí apá kan ẹ̀ sì ti kán. Ẹni tó bá fi rọ́bà tó ní nọ́ńbà nìkan kàwé, ojú ẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú ná. Nítorí náà, kẹ́ ẹ fi ti inú ilé mọ òkè, ojú àti àgbọ̀n, kẹ́ ẹ wá lọ jókòó sí dìpátímẹ́ǹtì fún ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ yá eegun gidi lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún bá ìgbálẹ̀ yẹn lọ (ẹ rọra o, eegun gidi ò fẹ́ ìkánjú).

Àgbọ̀n ńkọ́? Ó dáa tó fún owó ẹ̀. Ihò iwájú tí iṣan ètè ìsàlẹ̀ ń gbà jáde já, ti inú lọ́hùn-ún tí àwọn dókítà eyín ń fojú sùn tí wọ́n bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́ tí eyín ìsàlẹ̀ ò fi ní dùn èèyàn náà wà ní ipò ẹ̀. Eyín pé, 32. Àmọ́ sípíríìnì yẹn ń purọ́ fún yín. Bó ṣe so ó, bí ìgbà tí èèyàn ṣílẹ̀kùn ni, ó kàn ń yí lójú kan. Ẹ fìka síwájú etí yín báyìí kẹ́ ẹ rọra la ẹnu, ẹ tún là á sí i: ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tí orí eegun yẹn yí, lẹ́yìn náà ó máa yọ́ lọ síwájú lábẹ́ ìka yín. Yíyọ́ yẹn ni ìdí tí àgbọ̀n ẹlòmíì fi máa ń yẹ̀ nígbà tó bá yán àyànjù, orí eegun náà á ti fo òkè kékeré tó wà níwájú ẹ̀ kọjá, ẹnu á là sílẹ̀ kò ní pa dé mọ́, dókítà á wá ki àtàǹpàkò bọ orí àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀, á tì í wálẹ̀ kó tó tì í padà sẹ́yìn. Òkè kékeré yẹn wà lára rọ́bà o, wọ́n ṣe é dáadáa, àmọ́ ẹ máa yọ sípíríìnì kúrò kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sún àgbọ̀n náà kó tó yé yín. Èmi ti yọ tèmi dànù.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan ná: ọjọ́ pẹ́ táwọn oníṣègùn Yúróòpù fi gbà pé eegun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ torí pé Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́, ló sọ bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí Vesalius, onímọ̀ anátọ́mì, fi ojú ara ẹ̀ wo òkú ènìyàn tó sì tẹ̀wé jáde ní 1543 pé ọ̀kan ni. Ti ọmọ tuntun ló ṣì pín sí méjì, ó sì máa ń lẹ̀ pọ̀ láàárín ọdún àkọ́kọ́. Ìwé kékeré tó wà nínú páálí tèmi ò sọ ìyẹn, kò sọ nǹkan gidi kan, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n tún gbé nọ́ńbà ovale fún spinosum. Ẹ má fi ìwé yẹn kàwé, ẹ fi textbook yín dá nọ́ńbà náà mọ̀.

Nǹkan mìíràn tí ẹ ò ní rí lára ẹ̀ ni bí eegun inú orí ṣe pín sí ara wọn. 22 ni gbogbo eegun agbárí, 8 ló dáàbò bo ọpọlọ, 14 ló ṣe ojú, mi ò ka àwọn mẹ́fà kéékèèké inú etí mọ́ ọn. Ti rọ́bà yìí, ọ̀nà mẹ́ta péré ló pín sí, ojú ìsopọ̀ tó kù, ìlà ni wọ́n fà. Ó tó fún àwọn ojú ìsopọ̀ coronal, sagittal àti lambdoid, ẹ máa rí wọn kedere láti iwájú orí títí dé ìpàkọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ sphenoid, tó fara kan gbogbo eegun tó kù nínú àwọn 8 yẹn, tí ara ẹ̀ sá pamọ́ sínú lọ́hùn-ún, á ṣì máa fọ́ orí lásán. Wọ́n ní èyí tí wọ́n kun ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ìyẹn ló máa ṣe é. Èyí tó pín sí 22 lóòótọ́ tí mágínẹ́ẹ̀tì so pọ̀ ló dáa jù, owó ẹ̀ ni mi ò fẹ́ dárúkọ.

Styloid tèmi ti kán. Abẹ́rẹ́ eegun tó gùn tó yọ síta nísàlẹ̀ etí yẹn, tí wọ́n bá ti fi rọ́bà líle ṣe é, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ láìwo ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ló máa lọ. Súpà gúlúù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ti eegun gidi náà máa ń kán, nítorí náà mi ò gba máàkì kankan lọ́wọ́ wọn lórí ìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá yẹn gbìyànjú láti tà mí ní odindi ènìyàn kékeré, èyí tó ga tó 85 cm tó ń rọ̀ lórí irin, ó ní "gbogbo eegun pé síbẹ̀, Aúńtì, orí nìkan lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?" Ẹ má rà á, ẹ jọ̀ọ́. Eegun àgbàlagbà jẹ́ 206. Ọwọ́ kan ní 27, ẹsẹ̀ kan ní 26, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, 106 nìyẹn, ó ju ìdajì gbogbo eegun ara lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n dà pọ̀ lára ọjà yẹn. Àwọn mẹ́jọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ ti di òkìtì rọ́bà kan, scaphoid, èyí tó máa ń kán tí èèyàn bá ṣubú tó fọwọ́ lélẹ̀, tí ìdí àtàǹpàkò á máa dùn ún tí kò ní fẹ́ san kíákíá torí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ohun tó dáa lára ẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn, ó ṣe é ká: 7 lọ́rùn, 12 tí eegun ìhà so mọ́, 5 ní ìbàdí, wọ́n sì kun dísìkì kan ní pupa níbi tó ti yọ síta tó ń fún iṣan. Tó bá jẹ́ eegun ẹ̀yìn lẹ ń wá, ẹ lọ ra eegun ẹ̀yìn lọ́tọ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan máa ní àwọn ò lo rọ́bà rí, eegun gidi làwọn fi kàwé. Òótọ́ ni. Índíà ló ń kó eegun ènìyàn ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìṣègùn káàkiri ayé tẹ́lẹ̀, títí ìjọba wọn fi fòfin dè é ní 1985, rọ́bà sì gbalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó bá wá ń fì kiri lábẹ́lẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà fún yín ní ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ sá fún un. Ẹ mọ irú ìlú tá a wà, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ọlọ́pàá bá bá agbárí ènìyàn lọ́wọ́ èèyàn.

Rọ́bà náà gba ọgbọ́n láti gbé o. Ẹ má gbé e sínú ọ̀rá funfun wọ danfo, kọ̀ńdọ́ nìkan tó láti pe gbogbo ìlú lé yín lórí. Ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ páálí náà pa, kí ìwé owó àti káàdì ilé ìwé yín wà nítòsí. Nígbà tí mo gbé tèmi wọlé, mọ́mì mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Orí ta lo gbé wá sílé mi?"

"Mọ́mì, rọ́bà ni o, ẹ fọwọ́ kàn án."

"Èmi, fọwọ́ kàn án? Rọ́bà wo ló ní eyín báyìí? Gbé e kúrò nínú yàrá tí mò ń gbàdúrà."

Kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé báyìí, a dì í sínú ìborùn àtijọ́.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mo máa fún un ní 6 nínú 10. Ẹni tí kò ní ibi tó ti lè rí eegun gidi rárá, kó rà á, ó sàn ju àwòrán lọ fíìfíì. Ẹni tí dìpátímẹ́ǹtì ẹ̀ ní eegun tí wọ́n sì ń yá ọmọ ilé ìwé, kó fi owó ẹ̀ pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe agbẹ̀bí, èyí kọ́ ni tiyín o, ti àgbàlagbà ni, kò ní àwùjẹ̀. Ti ọmọ inú oyún lẹ ń wá, níbi tí àwùjẹ̀ iwájú ti ní igun mẹ́rin tí ti ẹ̀yìn sì ní igun mẹ́ta, torí ìka lẹ máa fi mọ̀ ọ́n nínú yàrá ìrọbí, ibi tí igun wọn bá kọjú sí lẹ ó fi mọ bí orí ọmọ ṣe ń bọ̀. Ti ẹ̀yìn máa ń pa dé láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, ti iwájú lè dé nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, òun náà sì ni àwọn ìyá wa máa ń fọwọ́ kàn wò tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá omi ara ẹ̀ ti tán. Mo ń wá èyí tí àwùjẹ̀ ẹ̀ rọ̀ díẹ̀ tí kì í ṣe pé wọ́n kàn fi kùn yà á. Ẹni tó bá ti rà á rí ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó sanwó, kó sọ ibi tó wà fún mi.